Àìtó họ́mónù táírọ́ìdì àti ìdarí omi nínú ara ẹran

Ẹṣẹ́ táírọ́ìdì wà níwájú ọ̀fun. Áyódìnì ló fi ń ṣe họ́mónù T4 àti T3. Bí àwọn họ́mónù wọ̀nyí bá dín kù, ẹran kì í tètè tọ omi tó mu dànù. Ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín ń dín kù, ìwọ̀n omi tí kíndìnrín ń sẹ́ sì ń dín kù pẹ̀lú. Renin àti aldosterone, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá iyọ̀ padà sára, sábà máa ń wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a wá dà bí ohun tí wọ́n bomi là, sódíọ̀mù inú rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá fún ẹran náà ní T4, ìtọ̀ rẹ̀ a tún bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ họ́mónù vasopressin ló díjú jù. Ọpọlọ ló ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí kíndìnrín dá omi padà. Àwọn ìwádìí kan rí i pé ó lọ sókè, àwọn mìíràn rí i pé ó lọ sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dín họ́mónù táírọ́ìdì eku kù fún ìwádìí wà lára ohun tó fà á. Propylthiouracil, oògùn tí kì í jẹ́ kí táírọ́ìdì ṣe họ́mónù, tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi mímu ní giramu 0.5 sí lítà 1, korò. Òùngbẹ lásán lè gbé vasopressin eku tí kò mu omi tó sókè. Ó yẹ kí a máa wọn omi tí wọ́n mu lójoojúmọ́, kí àwọn eku tí kò gba oògùn náà sì mu ìwọ̀n kan náà. Bí a bá gé táírọ́ìdì kúrò, àwọn ẹṣẹ́ parathyroid, tó wà lára rẹ̀ tó sì ń darí kálísíọ̀mù, sábà máa ń bá a kúrò, kálísíọ̀mù á wálẹ̀, gìrì á sì mú eku. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kálísíọ̀mù sómi wọn. Ìpayà nígbà tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ náà lè ba èsì jẹ́.

Oúnjẹ náà lè fa àìtó họ́mónù yìí. Ní ilẹ̀ Okun, ní Kàbà àti Ìsánlú, ewúrẹ́ a máa jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Sáyánáìdì, ìyẹn májèlé, inú èèpo pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ara ewúrẹ́ ń sọ ọ́ di thiocyanate, èyí tó ń bá áyódìnì du ọ̀nà kan náà wọ inú ẹṣẹ́. Gẹ̀gẹ̀ lè yọ lọ́rùn ẹran, ọmọ rẹ̀ sì lè wáyé láìnírun. Gígé èèpo wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó sá a sóòrùn ń dín sáyánáìdì kù, iyọ̀ oníáyódìnì sì ń ran ẹṣẹ́ lọ́wọ́. Gẹ̀gẹ̀ nìkan kò tó láti sọ pé họ́mónù ti dín: ẹṣẹ́ lè wú nítorí pé ó ń tiraka láti ṣe tó. T4 àti TSH (họ́mónù tó ń rọ táírọ́ìdì láti ṣiṣẹ́) inú ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.