Ògì Nìkan Kò Lè Gbé Àgbàlagbà Dìde Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀

Inú ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ti ń ṣọṣẹ́: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á dí tàbí kó bẹ́, ibi tó ń darí ẹsẹ̀ á sì kú. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì ní àléébù kankan. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹran rẹ̀ ti ń jò dànù. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé nígbà tí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré, ẹran ẹsẹ̀ wọn fi nǹkan bíi kílò kan dínkù. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ ṣàìsàn o.

Nígbà tí físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú aláìsàn, bá ní kí aláìsàn dìde, kó jókòó, kó gbé ẹsẹ̀, léraléra, ibi tó ṣẹ́kù nínú ọpọlọ ló ń kọ́ kó lè gba iṣẹ́ ibi tó kú ṣe. Ọpọlọ lè kọ́ ọ tán kó má rí ẹsẹ̀ gidi rán níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé nìyẹn. Nílé púpọ̀, ògì ni wọ́n ń fún aláìsàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bẹ́ẹ̀ omi àti sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Púrótéènì ni ara fi ń tún ẹran ara mọ. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn nílò bíi gíráàmù púrótéènì 1.2 sí 1.5 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n; ẹni tó bá wọn kílò 60 á nílò 72, ó kéré tán. Ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ! Ara àgbà kì í sì í tètè dáhùn sí díẹ̀díẹ̀, nítorí náà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní ohun tí púrótéènì pọ̀ nínú rẹ̀: ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, mílíìkì nínú ògì ọ̀hún. Kí ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kọ́kọ́ bi dókítà.

Àmọ́ ọ̀fun ló ṣáájú. Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa, omi lásán sì tètè ń ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró ju ohun tó ki lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń dán ọ̀fun wò kí ohunkóhun tó kan ẹnu. Ẹni tí kò bá yege, rọ́bà tó gba imú wọ inú ni wọ́n á fi máa bọ́ ọ.

Ní ti àwọn oúnjẹ àfikún inú agolo, ìwádìí ńlá kan lọ́dún 2005 fi hàn pé fífún gbogbo aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó lè jẹun ní irú rẹ̀ kò mú kí wọ́n sàn ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ń rù ló yẹ kí wọ́n máa ra agolo fún, òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló sì ń tètè fi onítọ̀hún hàn.