Àwọn Ará Túrkì Ní Orúkọ Kejì Kí Ọdún 1934 Tó Dé

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ará Túrkì kò ní orúkọ kejì láyé àtijọ́ ti sú mi í gbọ́. Nínú Society for Creative Anachronism, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berkeley, ní California, lọ́dún 1966, àwọn ènìyàn máa ń múra, wọ́n ń jagun eré, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ bí ẹni tó gbé ayé kí ọdún 1600 tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gbọ́dọ̀ mú orúkọ méjì wá, ó kéré tán: orúkọ àbísọ, àti èkejì tí yóò yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹnu òfin yìí ni àwọn tó yan orúkọ Túrkì ti máa ń bínú. Wọ́n á ní, "Àwọn ará Túrkì kò ní orúkọ ìdílé títí di 1934. Àṣà òyìnbó lẹ fẹ́ fi ni wá lára."

Òótọ́ ni pé oṣù kẹfà ọdún 1934 ni òfin orúkọ ìdílé jáde ní Túrkì. Ohun tí òfin náà fi dandan lé ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan ṣoṣo tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò máa jogún. Ẹgbẹ́ kò béèrè orúkọ àjogúnbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ orúkọ bàbá di àjogúnbá nílẹ̀ wa, ṣé a kì í mọ Àkàndé ọmọ Ògúndélé yàtọ̀ sí Àkàndé alágbẹ̀dẹ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Semiz Ali Paşa, olórí àwọn wàsírì (ìyẹn àwọn mínísítà ọba) láti 1561 sí 1565, sanra, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Semiz. Bıyıklı Mehmed Paşa ní irunmú ńlá. Sokollu Mehmed Paşa, tó gba ipò lẹ́yìn Semiz Ali, ń jẹ́ orúkọ ibi tó ti wá ní Bosnia. Àwọn Mihaloğlu, ìdílé jagunjagun, ń jẹ́ orúkọ baba ńlá wọn.

Lórí ọkùnrin, àríyànjiyàn kì í pẹ́ parí. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni kì í tán. Wọ́n á ní àwọn ti yẹ ìwé owó orí ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Túrkì nígbà náà, wò, ìwé tí wọ́n ń pè ní tahrir, àwọn kò sì rí obìnrin níbẹ̀, nítorí náà obìnrin Túrkì kò ní orúkọ kejì. Kí ni wọ́n fi ìwé náà ṣe nígbà náà? Ìjọba fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó. Akọ̀wé ń lọ láti abúlé dé abúlé, láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń kọ àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn: Ali veled-i Mehmed, Ali ọmọ Mehmed. Bí àbúrò Ali bá tẹ̀ lé e, akọ̀wé lè kọ birader-i o sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, pé ọmọ ìyá tàbí bàbá ẹni tó wà lókè ni. Èyí tí kò tíì gbéyàwó, wọ́n á kọ mücerred sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mú mücerred lórúkọ. Ipò rẹ̀ nínú owó orí ló ń sọ. Ìyàwó ilé àti ọmọbìnrin kì í wọ ìwé yìí. Àwọn opó díẹ̀ wọ̀ ọ́, pàápàá àwọn opó onígbàgbọ́ ní Balkan, nítorí pé wọ́n ń san akçe (owó fàdákà wọn) 6 níbi tí ọkùnrin ti ń san 25. A kò rí àwọn yòókù nítorí pé akọ̀wé kò wá wọn wá.

Ìwé ilé ẹjọ́ kádì, adájọ́ Ìsìláàmù, ni ká lọ yẹ̀ wò. Ti Üsküdar, lẹ́bàá Istanbul, bẹ̀rẹ̀ láti 1513, ti ìlú Bursa sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Níbẹ̀, obìnrin ń ta ilé, ó ń béèrè sàdáàkì rẹ̀, ó ń jà fún ogún bàbá rẹ̀. Akọ̀wé kádì kò lè kọ Fatma lásán kí ó sì fi í sílẹ̀, nítorí ẹjọ́ lè tún padà wá lọ́jọ́ iwájú. Fatma bint-i Ali ló máa kọ, Fatma ọmọ Ali. Àwọn obìnrin tó ya dúkìá sọ́tọ̀ fún mọ́sálásí náà ń fi orúkọ bàbá wọn sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ ní ọmọ Abdullah. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí, torí àwọn Mùsùlùmí ìbílẹ̀ pọ̀ tí bàbá wọn ń jẹ́ Abdullah lóòótọ́.

Mo gbà pé èdè akọ̀wé ni bint-i. Bóyá nílé, lẹ́nu aládùúgbò, ohun mìíràn ni wọ́n ń pè é, ìwé kádì kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń béèrè, ó sì wà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wá fi Hatun tàbí Sultan dí àyè orúkọ kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni Hatun, kò sọ Fatma wo ni. Mihrimah Sultan ń jẹ́ Sultan nítorí pé ọmọ ọba Süleyman ni, ẹgbẹ́ kì í sì í gba orúkọ tó ń pe ènìyàn ní ipò tí wọn kò fi jẹ ẹ́.

Ẹ má sì lọ ṣa orúkọ níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ ọmọ tuntun sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Devrim, Evrim àti Özgür dùn-ún gbọ́, àmọ́ àwọn tó ń tún èdè Túrkì ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ló dá àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò lónìí pàápàá, ọdún 1928 ló dé; lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ èdè náà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé ìtàn tí ẹ lò bá kọ Mehmed, ẹ kọ Mehmed bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣe fọ́tòkọ́pì ojú ìwé náà mọ́ ìbéèrè yín.

Fún àwọn ìlú ńlá láàárín 1500 sí 1600, ọkàn mi balẹ̀ lórí gbogbo èyí. Fún àwọn darandaran Türkmen àti àwọn tó gbé ayé ṣáájú 1450, ẹ̀rí fọ́nká, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn herald ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn tó ń yẹ orúkọ wò, béèrè ju bí ẹ ti rò lọ. Kò sí ẹni tó fi dandan mú yín láti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáá. Ẹni tó bá wù ú kí wọ́n máa pe òun ní Ali nìkan níbi àsè lè máa jẹ́ ẹ lọ. Inú ìwé ẹgbẹ́ ni Ali nìkan kò ti lè wọlé.