Òtútù tó ń gba ápù là ló ń pa máńgòrò

Ní oṣù Kẹrin, máńgòrò a máa kún Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì débi pé àwọn tó ń tà á á máa pe oníbàárà bí ẹni ń pe èèyàn sí àsè. Ẹ wọ ṣúpámákẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà, ápù àti èso àjàrà lẹ ó bá nínú fíríìjì onígíláàsì, tí wọ́n tò bí ẹyin. Bí máńgòrò bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ju mẹ́rin márùn-ún lọ, ara wọn á ti ṣú, awọ wọn á sì ti rì wúruwùru. Oníbàárà á wò ó, á ní "tiwa ò kúkú dáa rí", á mú ápù, á lọ. Máńgòrò ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tan fíríìjì yẹn sí dígírì 4 tó wá kó gbogbo èso sínú rẹ̀ pọ̀ ló ṣẹ̀.

Èso kì í kú lọ́jọ́ tí a ká a. Ó ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀, ó sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Òtútù ló ń dín ìrìn rẹ̀ kù kó má baà tètè rà. Àmọ́ gbogbo wọn kọ́ ló ń gba òtútù bákan náà. Ápù, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ olótùútù, fẹ́ dígírì Celsius 0 sí 1. Èso àjàrà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fẹ́ 13 sí 14, ẹ má jẹ́ kó wá sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n náà, bíi 13 ni. Ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ò fẹ́ kó wá sísàlẹ̀ 7 rárá. Ọsàn ló sún mọ́ ápù jù nínú tiwa: dígírì 3 sí 8 kì í ṣe é ní nǹkan púpọ̀.

Ìpalára òtútù kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tan olùtajà jẹ. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n tó lo ọjọ́ bíi mélòó kan ní dígírì 4 lè jáde kó ṣì máa dán. Ẹ gbé e sórí tábìlì. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, awọ rẹ̀ á máa ṣú bí eérú, àwọn ojú kéékèèké á rì sínú bíi pé wọ́n fi orí ìṣó tẹ̀ ẹ́. Apá kan á pọ́n, apá kejì á le gbandi, òórùn máńgòrò gan-an kò sì ní í sí lára rẹ̀. Ojú tó rì wọ̀nyẹn ni á kọ́kọ́ bu, ló bá jẹrà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, awọ á dúdú nígbà tí inú ṣì le. Ọ̀pẹ òyìnbó ló burú jù, nítorí òde rẹ̀ á rẹwà títí tí ẹ ó fi gé e, kẹ́ ẹ tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ egungun àárín rẹ̀ ti dúdú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òtútù ti ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pààlà sáàárín oje inú ẹran èso jẹ́. Àwọn oje tí kò yẹ kó pàdé ti pàdé.

Ápù, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ fún ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń jẹ, Gúúsù Áfíríkà ló ti ń wá. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń ká a níbẹ̀. Wọ́n á kó o sí yàrá olótùútù tí wọ́n ti dín ọ́síjìn inú rẹ̀ kù sí bíi ìdá 1 tàbí 2 nínú 100, dípò ìdá 21 tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Á sùn níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èyí tí ẹ rà fún Kérésì lè ti kúrò lórí igi láti oṣù Kẹta. Kò sí májèlé nínú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WhatsApp dẹ́rù bà yín. Ìda tó ń dán lára rẹ̀, tí èékánná ń họ funfun, omi ara rẹ̀ ló ń dá dúró. Ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ ra á dáadáa, ó tán. Nọ́ńbà mẹ́rin orí sítíkà rẹ̀ náà kì í ṣe awo: 4017 túmọ̀ sí Granny Smith, èyí aláwọ̀ ewé. Irú èso ló ń sọ, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ká a.

Àmọ́ tó bá jẹ́ torí àǹfààní ara lẹ ṣe ń ra ápù, ẹ gbọ́ èyí. Gíráàmù 100 gúáfà ní ju mílígíráàmù 200 fítámíìnì C lọ. Ìbẹ́pẹ ní bíi 60, ọsàn bíi 50. Ápù ò pé 5.

Ohun tí olùtajà fẹ́ràn jù lára ápù ni páálí rẹ̀. Páálí kan á wọ̀n tó kìlò 18, wọ́n á sì ti kọ iye ọmọ inú rẹ̀ sí i lára: 100, 120, 135. Ẹni tó ra páálí 120 ti mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lé kó tó tú u. Ẹ wá wo apẹ̀rẹ̀ máńgòrò: gbàǹgbà lókè, pẹ́pẹ̀pẹ́ nísàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ pátápátá ti fọ́. Ká ní kìlò 40 ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí 10 bà jẹ́, 30 tó kù ló máa ru owó 40. Kìlò kọ̀ọ̀kan ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta wọ́n sí i, wọn ò tíì lé èrè lé e. Ọ̀rọ̀ àwìn tún wà níbẹ̀. "Tí a bá tà á, ẹ wá gbowó" ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà máa ń wí. Ẹni tó ń kó ápù wọlé lápò tó jìn, ó lè dúró. Alárobọ̀ tó fi owó ọwọ́ ra máńgòrò lábẹ́ igi l'Ọ́mùò ò lè dúró, nítorí owó yẹn náà ni yóò fi wọkọ̀ lọ́la. Lójú tiwa, ilé ìtajà tó bá ń san ìdajì lójú ẹsẹ̀ kì í wá èso tì.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á bó ṣe yẹ, kó bá alárobọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ kó tó di pé àsìkò wọlé. Kí wọ́n ká máńgòrò ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì fi ọ̀pá tó so ó mọ́ igi sílẹ̀ lára rẹ̀ tó bí ìka kan, torí oje tó ń jáde níbẹ̀ a máa jó awọ. Kí wọ́n kó o sábẹ́ òjìji, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Kíréètì oníke tó gba kìlò 20 sí 25 ni kí wọ́n lò, kò gbọdọ̀ kún bo etí, nítorí tí wọ́n bá to òmíràn lé e, èso ni yóò ru ú. Kí wọ́n ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta: ńlá, àárín, kékeré. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sàn ju ọkọ̀ kan gbọnrangandan lọ́jọ́ Ajé. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, orí àtẹ gbalasa ni kó wà, níbi tí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ń dé. Èyí tó bá ti pọ́n tán nìkan ni kẹ́ ẹ gbé sínú fíríìjì, fún ọjọ́ méjì mẹ́ta péré. Tẹ́ ẹ bá ń dì í ní kìlò kọ̀ọ̀kan, ẹ lu ọ̀rá náà ní ihò. Ọ̀rá tí kò ní ihò a máa làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú kó bu.

Àgbálùmọ̀ gba sùúrù ju máńgòrò lọ. (Ẹni tó dàgbà sábúlé Èkìtì á máa pè é ní ọsàn lásán, á sì pe ọsàn tí à ń bó ní ọsàn mímu, kí olùtajà kọ orúkọ méjèèjì sára àtẹ.) Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni àsìkò rẹ̀. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ló ń dùn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá gbọ̀n kí ẹnì kejì má baà ṣáájú wọn dé ọjà, kíkan ni títí láé. Ìpele méjì ni kẹ́ ẹ tò ó mọ. Ẹ yọ èyí tó sán kúrò láràárọ̀, torí oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àwọn tó kù, eṣinṣin á sì dé.

Ọsàn tiwa ní ẹ̀sùn mìíràn: wọ́n ní ó tutù lójú. Òru wa ò tutù tó láti mú àwọ̀ ewé kúrò lára ọsàn, ìdí nìyẹn tí ọsàn tó ti pọ́n tán ṣe lè máa rí bí ewé. Níbòmíràn, wọ́n á fi gáàsì ẹ́tílíìnì, irú èyí tí èso fúnra rẹ̀ ń tú jáde tó bá ń pọ́n, lé àwọ̀ ewé yẹn kúrò kó lè mú ojú oníbàárà. Ẹ má wo àwọ̀. Ẹ gbé méjì tó jọra tóbi lọ́wọ́, èyí tó bá wúwo jù ló lómi. Ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó kì í dùn sí i lẹ́yìn tí a bá ká wọn, bó bá kan lọ́jà, yóò kan nílé.

Àwọ̀ pípọ́n tí oníbàárà ń wá yìí náà ló sọ kábáàdì, èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò, di ohun èlò aléso. Tó bá kan omi, á tú gáàsì jáde tó ń fara wé ẹ́tílíìnì. Ṣùgbọ́n kábáàdì tó wà lọ́jà sábà máa ń ní àséníìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn ni NAFDAC ṣe ń pariwo rẹ̀ léraléra. Máńgòrò tó pọ́n yòò yíká bákan náà, tó le nínú, tí ìdí rẹ̀ kò ta sánsán, ẹ fura sí i. Ọ̀nà tí kò léwu rọrùn: ẹ to máńgòrò tó ti gbó sínú páálí, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n méjì mẹ́ta sí i, ẹ fi ìwé ìròyìn bò ó, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ti tó. Kó jẹ́ èyí tó ti gbó o, ìyẹn èyí tí èjìká rẹ̀ ti yọ ga ju ibi ìdí rẹ̀ lọ. Òmùnú máńgòrò, bí ẹ bá fi gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ tì í, rírọ ni yóò rọ, kò ní í dùn.

Fún ẹni tí kò ní iná tó ṣeé gbọ́kàn lé, ìkòkò amọ̀ méjì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà yìí ni Mohammed Bah Abba ní Jigawa tún gbé jáde, tó fi gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ bomi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn ò dé. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ńlá ló ń kó ooru jáde. Kì í tutù débi tí yóò pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò lára. Àsìkò ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá di oṣù Keje, afẹ́fẹ́ Èkìtì á ti mu omi yó, omi ara ìkòkò ò ní í rí ibi gbà gbẹ: ẹ kó èso jáde, ẹ jẹ́ kí yanrìn náà gbẹ títí ọyẹ́ á fi padà dé.