Òrùlé ọkọ̀ tó ń dìde fúnra rẹ̀: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Fídíò kan dé orí WhatsApp àwa Yorùbá tí ń gbé ní Kubwa lọ́sẹ̀ yìí: bọ́ọ̀sì Hiace tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ ní Apo Mechanic Village. Ẹnìkan tẹ bọ́tìnì, òrùlé sì rọra gbéra sókè. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé.

Ṣé jáàkì ọlọ́ìlì ló ń gbé òrùlé náà?
Rárá, kò ní ọ́ìlì. Actuator ni wọ́n ń pè é. Mọ́tò kékeré tó ń jẹ iná bátìrì ọkọ̀, volt 12, ló wà nídìí rẹ̀. Mọ́tò ń yí gíá, gíá ń yí irin gígùn eléyín sùkúrù. Nọ́ọ̀tì tó wà lára irin náà kò ráyè yí, ṣe ló ń rìn síwájú, tó sì ń ti ọ̀pá jáde. Bí súwíìṣì bá pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì, ọ̀pá á padà wọlé.

Bí bátìrì bá kú ńkọ́?
Eyín sùkúrù ló máa ń di ẹrù mú nínú irú tó wọ́pọ̀, òrùlé kò ní já.

Wọ́n kọ 1,500 newton sára tèmi, síbẹ̀ kò gbé bẹ́ẹ̀dì kílò 60. Ṣé ayédèrú ni?
Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. 1,500 newton tó nǹkan bíi kílò 150, bí ọ̀pá bá dúró ṣánṣán lábẹ́ ẹrù. Inú ọkọ̀ kò ga, ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ tán ni kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá fi dígírì 10 péré gbórí sókè, agbára bíi kílò 26 ló kù láti gbé nǹkan. Ìyókù ń ti ẹ̀gbẹ́ ni. Mọ́tò á gbóná, fíùsì á jó. Ẹ sọ ìdí ọ̀pá kalẹ̀ sí i kó lè bẹ̀rẹ̀ láti dígírì 30, agbára á di bíi kílò 75. Bí ọ̀pá bá sún mọ́ híǹjì jù, ẹrù á tún wúwo fún un. Ọ̀pá onígáàsì bíi ti búùtù ọkọ̀ lè ràn án lọ́wọ́.

Ṣé méjì kò dáa ju ẹyọ kan lọ?
Ó dáa, àmọ́ èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ á máa fà sẹ́yìn, òrùlé á sì lọ́. Ẹ ra èyí tó ní sensor, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí ọ̀pá dé, kí kọntiróólà kan ṣoṣo máa darí méjèèjì.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́?
Ẹ wá IP65 lára rẹ̀, àmì pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì nu ọ̀pá kó tó wọlé.

Kí ni kí n bẹ̀rù jù?
Ìka ọmọdé. Ẹ lo súwíìṣì tó ń dúró bí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò dé. Kí ẹnikẹ́ni tó sùn sábẹ́ òrùlé tàbí tún nǹkan ṣe níbẹ̀, ẹ fi irin gbé òrùlé ró, mo bẹ̀ yín.

Bó bá kọṣẹ́ ní ọ̀nà Lokoja lóru?
Kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ sọ fún wẹ́dà kó fi píìnì tí ọwọ́ lè yọ so ọ̀pá mọ́ òrùlé. Bó bá wá kọṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni méjì di òrùlé mú, kí ẹ tó yọ píìnì, kí ẹ wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú òrùlé lókè.