Kò Sẹ́ni Tó Rán Kòkòrò Sí Oko Kọfí Yín

Òjò kì í tíì dá dáadáa tí ẹjọ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, láti Kàbà dé Ìjùmú: "Ọ̀gá, ẹ gbà mí! Ayé ti rán nǹkan sí oko kọfí mi, igi ń rìn!"

Igi kọ́ ló ń rìn. Ọmọ àfòpiná kan ni, Ascotis selenaria. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà níwájú, mẹ́rin nídìí, kò ní ìkankan láàárín. Ìdí nìyẹn tó fi ń fa ìdí mọ́ àyà kó tó na orí síwájú. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á fi ẹsẹ̀ ìdí di ẹ̀ka mú, á le gbagidi bí igi gbígbẹ. Ẹ wò ó dáadáa: òwú tín-ín-rín kan ti ẹnu rẹ̀ wá sára igi, òun ni kì í jẹ́ kó ṣubú. Inú ilẹ̀ ló ti ń di àfòpiná. Ẹ má da òróró wòlíì kankan sídìí kọfí nítorí rẹ̀.

Agbọ́n ni kí ẹ mọ̀. Kì í ṣe èyí tó ń ta èèyàn o. Èyí kéré púpọ̀, inú kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é fún yín. Òun náà sì ni oògùn tí ẹ ń fín ń pa! Àfòpiná tó bá ṣẹ́kù á wá yé ẹyin rẹpẹtẹ sínú pàlàpálá èèpo igi, kò sì ní sí ẹni tí yóò pa ọmọ rẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà láàárín ọdún 1960 sí 1969 nìyẹn. Kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń fín parathion, oògùn apakòkòrò kan, sí lóko kọfí, àfi bí èyí tí wọn ò kà sí tẹ́lẹ̀ ṣe bo oko.

Síbẹ̀, ẹ̀ ń ra oògùn tí kò lórúkọ lọ́jà, tí wọ́n rọ sínú ìgò mínírà, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orí kòkòrò yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ kòkòrò oko tí àwa fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣe! Bàbá kan ní Ìjùmú gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Òùngbẹ gbẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ṣí i, ó mu. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà, àmọ́ gbogbo owó kọfí ọdún yẹn ló bá ọsibítù lọ, kòkòrò sì wà lóko síbẹ̀.

Bí ẹ bá rí i, ẹ fọwọ́ ṣà á sínú korobá omi ọṣẹ. Bó bá pọ̀ ju agbára yín lọ, ẹ pè wá kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìgò tó bá sì wà nílé yín báyìí, ẹ lọ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó o, lónìí.