Ohun tí íápíìsì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn n'Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ títì n'Ìbàdàn ni kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Níbi tó bá sì wà, ọlọ́jà ti pàtẹ sí i, tàbí ọkọ̀ ti páákì lé e. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo, tàbí tó ń kọjá ní Ìwó Road, ojú títì kan náà lòun àti ọkọ̀ jọ ń lò. Ariwo ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn: họ́ọ̀nù takisí Micra, ìró ọ̀kadà, igbe kọ́ńdọ́, "Ẹ yà o!" látẹnu ẹni tó ń ti ọmọlanke. Ìpàkọ́ ò lójú. Etí ló ń bá a ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti ki íápíìsì bọ etí méjèèjì ti lé olùṣọ́ yẹn lọ.

Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ìró rẹ̀ á kan etí ọ̀tún kó tó kan ti òsì. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ òun ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí kíkì í bọ etí kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kà sí ọgbọ́n, kò fi tó. Onítọ̀hún á gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè mọ apá ibi tó ti ń bọ̀, ó sì lè sá bọ́ síwájú ohun tó ń sá fún.

Orin inú íápíìsì náà tún ń bo ìró tó bá rẹlẹ̀ jù ú lọ mọ́lẹ̀, pàápàá ìró táyà àti ẹ́ńjìnnì tó ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ta èèyàn lólobó. Ti ìpè wá yàtọ̀. Kò sórin níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń bá èèyàn jiyàn lórí fóònù ò sí lójú títì. Ojú rẹ̀ lè wà lára ọkọ̀ kó má rí i.

Dẹ́rẹ́bà ò mọ̀ pé íápíìsì wà létí ẹni tó ń rìn níwájú. Tó bá rí ẹni tó kẹ̀yìn sí i, kì í sábà tẹ bíréèkì; họ́ọ̀nù ló ń tẹ̀, ó sì ń retí kí ẹni náà yà. Íápíìsì tí kò ní wáyà, tó wà lábẹ́ fìlà tàbí híjáàbù, kò hàn síta. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dẹ́rẹ́bà tó já fáfá pàápàá á lo tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé bíréèkì. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á tún sá tó mítà 15 sí 20 kó tó dúró lórí ọ̀dà gbígbẹ. Tí òjò bá rọ̀, tàbí tí táyà ti dán, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn gbé ìjàǹbá 116 yẹ̀ wò, láti 2004 sí 2011, níbi tí ọkọ̀ tàbí reluwé ti kọlu ẹni tó fi nǹkan bọ etí. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló yọrí sí ikú. Ìwádìí náà kò fi hàn pé íápíìsì ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìdá 29, wọ́n ní ọkọ̀ ti fọn họ́ọ̀nù tàbí fèrè ṣáájú. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó kàn ni kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, èyí ló sì bani nínú jẹ́ jù. Ti reluwé lé ní ìdajì. Kí àwọn ará Mọ́níyà, níbi tí reluwé Èkó sí Ìbàdàn ń dé sí, fi èyí sọ́kàn: reluwé ò lè yà, kò sì lè tètè dúró.

Láti 1972 tí ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, apá òsì ló yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà tirẹ̀, kó lè máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn dára, àmọ́ ọ̀kadà tó gba wọ́n-wéè á ṣì ti ẹ̀yìn yọ. Ìgbà méjì ni íápíìsì gbọ́dọ̀ kúrò létí pátápátá: kí èèyàn tó sọdá títì, àti kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú Micra, torí ọ̀kadà fẹ́ràn láti yọ́ gba àárín ọkọ̀ àti gọ́tà kọjá, gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí.