Iṣẹ́ àgbàṣe fún ìsọdọ̀tun ètò kọ̀ǹpútà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ àgbàṣe fún ìsọdọ̀tun ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀nà tí àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, kí wọ́n lè bá wọn tún kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwíà tó ti gbó ṣe tàbí kí wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn. Owó tí ìjọba náà ń ná lórí kọ̀ǹpútà lọ́dún ju 100 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Àjọ GAO, tó ń bá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń náwó, ti sọ léraléra pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló ń lọ sórí ìtọ́jú ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyókù ni wọ́n ń fi wá tuntun.

Ẹ̀rọ tó ti gbó kò ṣeé pa tì wẹ́rẹ́, nítorí iṣẹ́ ìlú ló wà lórí rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni àjọ IRS tó ń gba owó orí dá Individual Master File sílẹ̀. Assembly àti COBOL, àwọn èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ni wọ́n fi kọ ọ́, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì wà. Ọdún 2019 ni àwọn ológun òfuurufú tó ṣíwọ́ lílo díìsìkì pẹlẹbẹ oní-íńṣì 8 nínú ètò tí wọ́n fi ń darí ohun ìjà átọ́míìkì. Ní Boyers, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tẹ́lẹ̀ ni OPM, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ti ń ṣètò ìfẹ̀yìntì wọn: títí di ọdún 2025, bébà ni wọ́n máa ń kó sínú fáìlì, wọ́n á sì to fáìlì sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú láti gbé iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà ló ti forí ṣánpọ́n ṣáájú. OPM yìí kan náà ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìsọfúnni ènìyàn bíi mílíọ̀nù 21.5 kó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 2015 ni àṣírí rẹ̀ tú.

Òfin tó de ìrajà náà ti yí padà nígbà mélòó kan. Lábẹ́ òfin Brooks ti ọdún 1965, ọwọ́ GSA, àjọ tó ń bá ìjọba rajà, ni àṣẹ ríra kọ̀ǹpútà wà fún gbogbo ìjọba. Òfin Clinger-Cohen ti ọdún 1996 gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ GSA, ó ní kí àjọ kọ̀ọ̀kan máa ra tirẹ̀, kí ó sì ní ọ̀gá àgbà kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni oyè wọn ju agbára wọn lọ, nítorí náà ni wọ́n fi ṣe òfin FITARA lọ́dún 2014, kí ẹnu wọn lè tólẹ̀ lórí owó. Ọdún 2017 ni òfin mìíràn dá àpò owó Technology Modernization Fund sílẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí àjọ tó bá fẹ́ tún ètò rẹ̀ ṣe lè tọrọ owó níbẹ̀, kí ó sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bílíọ̀nù dọ́là kan ni àwọn aṣòfin kó sínú àpò náà lọ́dún 2021.

Ìlànà ìrajà fúnra rẹ̀ wà nínú FAR, àkójọ òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1984. Àjọ á kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà lọ́jà, á gbé ìwé ìpè jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ á fi tẹ́ńdà sílẹ̀, ìgbìmọ̀ á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló máa ń gba iṣẹ́ dandan. Wọ́n tún ń wo ìrírí àti bí iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ṣe rí. Àwọn iṣẹ́ kan ní iye owó tí kò ní yí padà. Nínú òmíràn, ìjọba ń san owó wákàtí tàbí gbogbo ohun tí agbaṣẹ́ṣe bá ná, pẹ̀lú èrè lórí rẹ̀. Irú kan tó wọ́pọ̀ fún kọ̀ǹpútà ni àdéhùn gbalasa tí ọ̀pọ̀ àjọ lè gbéṣẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. NASA, tí aráyé mọ̀ mọ́ òṣùpá, ló dá ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn sílẹ̀, ìyẹn SEWP. Òfin tún fẹ́ kí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké.

Ẹni tó bá pàdánù tẹ́ńdà lè fẹjọ́ sun GAO, tó ní 100 ọjọ́ láti dájọ́, tàbí kí ó gba ilé ẹjọ́ Court of Federal Claims lọ. Bí ẹ̀sùn náà bá tètè dé GAO, iṣẹ́ ní láti dúró ná. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni JEDI, iṣẹ́ kíláùdù (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ilé-iṣẹ́ ológun fi iye rẹ̀ sí 10 bílíọ̀nù dọ́là. Microsoft ló gbà á ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Amazon gba ilé ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì fà títí wọ́n fi wọ́gi lé e ní oṣù Keje ọdún 2021. JWCC ló rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín in fún: Amazon, Google, Microsoft àti Oracle.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó bàjẹ́ kò bàjẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ṣòro, bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà jáde ló bà á jẹ́. Ní FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n pa Virtual Case File, ètò àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn, tì lọ́dún 2005 lẹ́yìn tí ó ti jẹ nǹkan bí 170 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n gbé arọ́pò rẹ̀, Sentinel, fún Lockheed Martin lọ́dún 2006. Nígbà tí iṣẹ́ kò yá tó, FBI gba àkóso rẹ̀ lọ́dún 2010, wọ́n fi òṣìṣẹ́ díẹ̀ ṣe é ní abala kéékèèké, ó sì parí ní oṣù Keje ọdún 2012.

HealthCare.gov ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà síta gbangba. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni ìkànnì adójútòfò ìlera náà ṣí, ènìyàn mẹ́fà péré ló sì rí i lò parí lọ́jọ́ náà. CGI Federal ni agbaṣẹ́ṣe àgbà láàárín àwọn agbaṣẹ́ṣe bíi 55, àmọ́ kò sí ẹnì kan tí gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀. CMS, àjọ ìjọba tó ni ìkànnì náà, fúnra rẹ̀ ló ní òun máa so wọ́n pọ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe sọ níwájú àwọn aṣòfin pé ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kí ó tó ṣí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ wọlé láti tún un ṣe, Accenture sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ CGI lọ́dún 2014. Ọdún 2014 náà ni ìjọba dá ẹgbẹ́ méjì, 18F àti U.S. Digital Service, sílẹ̀, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè wà nínú ìjọba láti mọ ohun tó yẹ ní rírà. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n pa 18F rẹ́. Digital Service ti di U.S. DOGE Service ní oṣù Kìíní ọdún kan náà.

Ẹ̀kọ́ náà kò dé ibi gbogbo. Lọ́dún 2018, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì gbé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera, tó tó 10 bílíọ̀nù dọ́là, fún ilé-iṣẹ́ Cerner láìsí ìdíje. Spokane, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó lọ́dún 2020. Ọ̀gá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ náà rí i pé ohun tó ju 11,000 lọ tí àwọn oníṣègùn ní kí wọ́n ṣe fún aláìsàn ló bọ́ sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ta wọ́n lólobó. Wọ́n dá ìtànkálẹ̀ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹrin ọdún 2023.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni kóòdù, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ tó di sọ́fítíwíà, tún wà níbẹ̀. Bí àdéhùn kò bá fún ìjọba ní ẹ̀tọ́ sí i, agbaṣẹ́ṣe kan náà ni wọ́n á máa padà tọ̀ fún àtúnṣe, iye tó bá sì dá ni wọ́n á san. Lọ́dún 2016, ọ́fíìsì ìṣúná ààrẹ pàṣẹ pé kí àjọ kọ̀ọ̀kan fi ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kóòdù tuntun tí wọ́n bá san owó rẹ̀ hàn fún gbogbo ènìyàn, ètò ọdún mẹ́ta láti dán an wò. Òfin SHARE IT, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní kí àwọn àjọ máa fún ara wọn ní kóòdù tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ fún àwọn, kí àjọ méjì má baà ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.